Bí Attracta Ṣe Wọn Iná Ilé Rẹ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Attracta Gilrane fi dáná ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní ìkóríta wa, ní ìgbèríko Leitrim. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́fà ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ra ìṣó, wáyà àti oúnjẹ màlúù nígbà náà, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti ń ra gáàsì, nítorí náà mo mọ iye tí wọ́n ń fún un. Owó náà kò tó. Síbẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí pé ọmọ kan gbé abọ́ dé iwájú ìkòkò, kí wọ́n sọ fún un pé ó ti tán. Kì í ṣe pé ó ń se oúnjẹ púpọ̀. Ó ń ka orí ni, ó ń wọn ṣíbí, ó sì mọ ọmọ tó máa tún padà wá kí ọmọ náà tó dìde.

Phelim ọkọ rẹ̀ àti èmi jọ dàgbà ni. Ọdún méjìdínlógójì ló fi fọ́ òkúta, eruku òkúta wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ̀rọ ọ́síjìn kan tó tóbi tó àpótí ìrìn-àjò kékeré ló ń bá a mí. Wákàtí mẹ́rìndínlógún lójúmọ́ ni ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ máa ń wà nímú rẹ̀. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ náà ń jẹ. Bí iná bá lọ, sìlíńdà kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó lè gbé e fún wákàtí mẹ́jọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó kọjá, ìjì wó igi lé wáyà láti ọ̀dọ̀ wa títí dé etí òkun. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko la fi wà láìsí iná. Sìlíńdà Phelim tán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn lo wákàtí mẹ́ta kó tó dé, torí pé àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gé igi lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òtútù ń pa ọkùnrin náà nígbà tí tọ́ọ̀fù kún ahéré rẹ̀ dé àjà, ẹrẹ̀ àbàtà tí a gé bíi bíríkì tí a sì sá gbẹ, tó jẹ́ pé òun la fi ń dáná láti ayé bàbá wa. Wọn kò lè ṣáná sí i. Ààrò onírin wọn ní agbada omi nínú, pọ́ǹpù oníná ló sì ń ti omi gbígbóná náà káàkiri ilé. Bí pọ́ǹpù bá kú tí iná sì ń jó, omi á hó nínú páìpù, ààrò á bẹ́. Ẹ rí i pé ilé wa dá lórí wáyà kan ṣoṣo, títí kan iná ààrò.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni Phelim lò ní ọsibítù ní Sligo. Nígbà tó padà dé, Dervla, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó ń ṣiṣẹ́ ìbánigbófò ní Athlone, sọ pé bàbá òun kò ní lo ìgbà òtútù mìíràn nínú ilé yẹn. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó wà nílùú. Wọn á tọ́jú yàrá dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá títí di òpin oṣù kejì. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Òun ló jókòó lórí àga lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ fún ọjọ́ méjì tí kò bọ́ bàtà.  Phelim kọjú sí fèrèsé, ó ń wo pápá rẹ̀.

Attracta ní kí ọmọ náà sọ ohun tó lè yí i lọ́kàn padà. Dervla ní ọjọ́ mẹ́ta. Bí ilé náà bá lè dá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí iná òpó, tí ohunkóhun tí wọ́n bá tọ́jú iná sí kò sì lọ sí ìsàlẹ̀ ogún nínú ọgọ́rùn-ún, òun á ní kí wọ́n fún ẹlòmíì ní yàrá náà.

Ọ̀gbẹ́ni tó kọ́kọ́ wá ta sólà fún wọn wá láti Dublin, bàtà rẹ̀ ń dán. Attracta gbé tíì àti kéèkì kalẹ̀ fún un. Ó tẹ́ àwòrán sórí tábìlì: páànẹ́lì mẹ́rìnlá lórí òrùlé, bátìrì kan tó ń gba yúníìtì márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ẹgbàá márùn-ún àti egbèje yúrò. Owó iná wọn á sì já sí ìlàjì. Attracta bi í bóyá ẹ̀rọ ọkọ òun á máa ṣiṣẹ́ bí òpó bá wó. Ó ní owó iná á já sí ìlàjì. Attracta bu tíì kún ife rẹ̀, ó tún bi í. Ó ní wọ́n tiẹ̀ lè ta iná tó bá ṣẹ́kù. Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin náà gbé ìkòkò tíì sókè, kò sì bù ú.

“Ọ̀gbẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí iná òpó bá ti kú, irú ẹ̀rọ yẹn máa ń pa ara rẹ̀ ni, kí iná má baà gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tún wáyà ṣe lójú ọ̀nà. Kó tó lè máa ṣiṣẹ́ nìṣó, ó nílò súwíìṣì mìíràn tó máa gé ilé kúrò lára òpó, kò sì sí ìyẹn nínú owó tó kà. Ó ní àwọn oníbàárà kì í sábà béèrè.

Attracta di kéèkì tó ṣẹ́kù fún un pé kó jẹ ẹ́ lọ́nà. Lọ́jọ́ kejì ó yà sọ́dọ̀ mi. “Malachy,” ó ní, “wọ́n fẹ́ ta agboòrùn fún mi, èyí tó máa ń pa dé fúnra rẹ̀ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ṣé o ní nǹkan tí mo lè fi wọn iná?”

Ọmọ mi ló ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Mo bá a mú ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n máa ń ki bọ ojú iná, kó lè ka iye tí nǹkan ń jẹ. Yúrò mẹ́rìnlá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé e kiri ilé bí dókítà tó ń gbé ohun èlò kiri láàárín aláìsàn. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ẹnjiníà ṣe ń kọ ọ́. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló lò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ń dáná fún ilé ẹ̀kọ́: bátìrì ni ìkòkò, yúníìtì kọ̀ọ̀kan ni abọ́ kan. Ẹ̀rọ Phelim ń jẹ abọ́ mẹ́rin lójúmọ́. Pọ́ǹpù ààrò kò jẹ tó abọ́ kan. Pọ́ǹpù kànga jẹ ààbọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó bá ń gbéra, ńṣe ló ń gbé e mì bí ọmọ tí kò jẹun àárọ̀, nítorí náà ẹni tó ń bù ú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín iná bátìrì, gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ tó lágbára. Fíríìjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ odindi abọ́. Ó fagi lé e, ó ní ẹ̀yìnkùlé òun tutù ju fíríìjì lọ láti oṣù kọkànlá. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó fagi lé e. Tẹlifíṣọ̀n, ó fagi lé e. Phelim bẹ̀ ẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù, ó gbé rédíò fún un. Kẹ́tùlù, fún ẹni méjì, ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, ó jẹ ààbọ̀ abọ́. Ó fi í sílẹ̀. Ta ló máa fagi lé tíì?

Ó ní kí n wá yẹ ìṣirò náà wò. Díẹ̀ lé ní abọ́ mẹ́fà lójúmọ́. Mo sọ fún un pé àwọn tó ń ta sólà máa ń fi oṣù keje ṣírò, kí òun fi oṣù kejìlá ṣírò tirẹ̀: páànẹ́lì mẹ́jọ tó fẹ́ rà kò ní fún un ju abọ́ kan àti ààbọ̀ lọ ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá dúdú. A dé orí ìkòkò oníyúníìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní ó há díẹ̀, kó ra èyí tó gba ogún. Èyí tó gba ogún fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yúrò ó dín ọgọ́rùn-ún lé e.

“Wọ́n ti sọ fún mi rí nílé ẹ̀kọ́ pé kí n ra ìkòkò ńlá,” ó ní. “Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka orí.”

Eunan, oníná kan láti àdúgbò kejì, ló ṣe iṣẹ́ náà ní oṣù kẹsàn-án. Ó fẹ́ gbé gbogbo ilé lé bátìrì. Attracta ní rárá, ó fún un ní ìwé: ẹ̀rọ Phelim, pọ́ǹpù méjèèjì, ojú iná ilé ìdáná, gílóòbù mẹ́fà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin náà ka ìwé yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ó bi í léèrè ẹni tó ya ètò náà fún un. Nígbà tó gbọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí ṣọ́ọ̀bù o. Mo níyàwó tí mò ń bọ́.” Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì oníyúníìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti súwíìṣì tó ń gé ilé kúrò lára òpó, lẹ́yìn tí ìjọba ti san ìrànwọ́ tirẹ̀, jẹ́ ẹgbàá márùn-ún, egbèje àti àádọ́ta yúrò. Àádọ́ta yúrò péré ló fi ju ti ọlọ́bàtà dídán lọ. Akọ màlúù méjì ló lọ sí i, àti owó tó ní ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

Wọ́n mú ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, torí pé ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, Dervla sì lè wà níbẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, Attracta fa súwíìṣì ńlá wálẹ̀ níṣojú wa. Ẹ̀rọ Phelim kò tiẹ̀ wúkọ́. Dervla kọ ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ó sì kọ aago síwájú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí a pè. Ṣùgbọ́n ní tiwa, bí ilé kan bá ra tírákítọ̀ tuntun, gbogbo ojú ọ̀nà á wá wò ó, ká má tiẹ̀ sọ ilé tó ń tan iná fúnra rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ yà wọlé. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é: wọ́n á ní kí àlejò mu tíì, á ní rárá; wọ́n á ní díẹ̀ péré, á ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún ni; lẹ́ẹ̀kẹta á ní ó dáa, tí kẹ́tùlù bá ti wà lórí iná tẹ́lẹ̀. Kò sí kẹ́tùlù tí kì í wà lórí iná tẹ́lẹ̀. Attracta kì í sì í se omi ife méjì nìkan. Ọwọ́ ẹni tó dáná fún ọgọ́rùn-ún ọmọ ni ọwọ́ rẹ̀, ó máa ń kún un dé ẹnu. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlélógún ni kẹ́tùlù náà hó lọ́jọ́ yẹn, kò sì sí ìkankan nínú wa tó fura. Ojú ọ̀run dúdú láti àárọ̀.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn jáde, Dervla gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Ètò ara ògiri ní ó yẹ kí bátìrì wà ní márùndínláàádọ́rùn-ún. Méjìdínlọ́gọ́ta ló wà.

“Màmá, ẹ wò ó,” ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Bó ṣe ń lọ yìí, ilẹ̀ ọ̀la ò ní ṣú bá a.”

Attracta wọ awò ojú rẹ̀. Ó tẹ̀ lé ìlà ìwé náà láti wákàtí dé wákàtí, ó gbójú wo kẹ́tùlù, ó gbójú wo àwọn ife tí a kó jọ sínú agbada tí a ti ń fọ abọ́. Ó jókòó.

“Gbogbo ohun tó ń jẹun nínú ilé yìí ni mo kà,” ó ní. “Mi ò ka àwọn ará àdúgbò.”

Mo gbà á nímọ̀ràn pé kó ti ilẹ̀kùn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó lẹ ìwé mọ́ géètì. Ó wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n lé àwọn ọmọ kúrò nídìí oúnjẹ.

“Malachy, ìwọ tó o dá nìkan mu ife mẹ́rin? Tí iná bá lọ lóòótọ́, níbo ni gbogbo yín máa wá? Ilé tí gílóòbù ń tàn nínú rẹ̀ ni. Ètò tí kò bá gba àlejò, ètò ilé ẹlòmíì nìyẹn.”

Dervla ní tìtorí Dádì ni wọ́n ṣe ṣètò, kì í ṣe tìtorí tíì. Ìyá rẹ̀ kò jà á níyàn. Ó yọ kẹ́tùlù kúrò lójú iná, ó ká wáyà rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e lọ sílé mi, kí n má sì jẹ́ kí òun fojú kàn án títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà ó pọn omi sínú ìkòkò irin dúdú kan tí mi ò rí láti ọdún pípẹ́, ó gbé e karí ààrò. Iná kúkú ń jó níbẹ̀, pọ́ǹpù sì ń ṣiṣẹ́. Omi tó bá hó níbẹ̀ kò mú nǹkan kan nínú bátìrì.

Ìṣòro kan ló kù. Kí ìkòkò yẹn lè máa hó fún gbogbo àdúgbò láti àárọ̀ títí di alẹ́, ààrò gbọ́dọ̀ máa jẹ tọ́ọ̀fù bí ẹran ọ̀gbẹlẹ̀, ti ọdún náà kò sì tó ìdámẹ́rin ahéré, torí pé Phelim kò lè gé e mọ́ láti ìgbà tó ti ọsibítù dé.  Attracta ló rántí ohun tó yẹ kí n ti rántí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbé tọ́ọ̀fù kan há abíyá lọ sílé ẹ̀kọ́ lásìkò òtútù, òun la fi ń dáná yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò bá gbé tirẹ̀ dání, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí.

Ó ní, “Sọ fún wọn lẹ́yìn ìsìn ọ̀la. Ẹni tó bá ń bọ̀ wá mu tíì, kó gbé tọ́ọ̀fù kan dání.”

Mo sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di aago méjìlá, wọ́n ti ń yà wọlé, tọ́ọ̀fù lábẹ́ abíyá. Ìyá arúgbó kan tó ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin fi ìwé ìròyìn we tirẹ̀ kó má baà ba kóòtù rẹ̀ jẹ́. Fádà gbé méjì wá, ó ní èkejì wà fún ẹ̀ṣẹ̀ òun. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò gbé tọ́ọ̀fù lọ sílé ẹ̀kọ́ rí ń bi àwọn àgbà léèrè bóyá lóòótọ́ ni, àwọn àgbà sì ń parọ́ kún un. Mo ka tọ́ọ̀fù náà: mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. A jó ogún. Ahéré jèrè mẹ́rìnlá. Òòrùn sì yọ lọ́jọ́ yẹn, òòrùn òtútù tó mọ́ gaara, tí páànẹ́lì fẹ́ràn ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Mẹ́rìndínlógójì ni bátìrì wà láàárọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gòkè dé méjìlélọ́gọ́rin.

Ní ọjọ́ Ajé, kùrukùru tún bo ojú ọ̀run. Àwọn èèyàn wá, tọ́ọ̀fù wá, ìkòkò ń hó. Dervla pàápàá ti ń bu tíì fún àlejò, kò sì fi ìwé sílẹ̀. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwa mẹ́rin dúró síwájú bátìrì bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ojú Dervla kò tíì tú ká. Òṣìṣẹ́ ìbánigbófò ni, ibi tí nǹkan ti lè bàjẹ́ ló ń wò.

“Bí ọjọ́ Àìkú bá dúdú bí ọjọ́ Àbámẹ́ta ńkọ́?” ó bi ìyá rẹ̀. “Ìjì kì í mú òòrùn wá, Màmá.”

Attracta fa ìwé kan yọ nínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú: ọjọ́ mẹ́ta tó dúdú, kò sí kẹ́tùlù láti ìbẹ̀rẹ̀, kí Phelim lo sìlíńdà fún wákàtí mẹ́jọ ní alẹ́ ọjọ́ kejì kí bátìrì lè sinmi. Dervla tẹ̀ lé ìṣirò náà dé ìsàlẹ̀, ó tún un ṣe lórí fóònù rẹ̀. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Mọ́kàndínlógún ló já sí.

“Ogún ni mo sọ,” ó ní.

 Attracta kò bẹ̀ ẹ́. Mo mọ obìnrin yẹn, kò ní fi ẹyọ kan kún un láti fi dá ọmọ rẹ̀ lójú.

Phelim tí kò tíì dá sí ọ̀rọ̀ náà láti oṣù kẹta yọ ọ̀pá rọ́bà kúrò nímú.

“Ẹyọ kan tó kù yẹn,” ó ní, ó sì sinmi kó tó parí rẹ̀, “màá di èémí mi mú fún un.”

Dervla gbójú wò ó. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó bá wá àga jókòó. Ó ní kí bàbá òun fi nǹkan náà padà sí imú rẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù, níbẹ̀ níwájú wa, ó sọ fún ilé ìtọ́jú pé kí wọ́n fún ẹlòmíì ní yàrá bàbá òun. Wọ́n bi í bóyá wọ́n ti rí ibòmíì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti rí ibòmíì.

Ilé mẹ́rin lójú ọ̀nà wa ló ti ní kí Attracta bá àwọn wọn iná láti ìgbà náà. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sì ti sọ fún un pé àṣejù ni. Kó tó wo ẹ̀rọ kankan, ó máa ń bi wọ́n léèrè iye èèyàn tó ń yà sílé wọn.

Ní oṣù kìn-ín-ní tó kọjá yìí, ìjì gba iná lọ fún wákàtí mọ́kànlélógójì. Mo lo púpọ̀ nínú rẹ̀ nídìí ààrò wọn. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, imú Phelim pọ́n nítorí ooru, ó sì borí mi nínú eré káàdì, ó gba yúrò mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ́wọ́ mi.